Ta Ló Ń Tẹ Túùbù Ọṣẹ Ìfọyín Nílé Yín?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbà mí o. Ìgbógbó la wà níbí ní Ìkòròdú. Ọmọ mi ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, eyín ti ń kún ẹnu ẹ̀. Ìyá ọkọ mi tó ń gbé pẹ̀lú wa ní mi ò gbọdọ̀ fi ọṣẹ kankan sí i lẹ́nu títí á fi wọ síkúù, pé kí n máa fi aṣọ tútù nù ún, ó ti tó. Ọkọ mi ní kò sí tọmọdé kò sí tàgbà nínú ọ̀rọ̀ ọṣẹ, èyí tí gbogbo ilé ń lò náà ni kó máa lò. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé nínú ẹ́sítéètì wá ní òun ò jẹ́ ra ọṣẹ tó ní fúlóráídì, èròjà tí wọ́n ń fi sínú ọṣẹ ìfọyín kí eyín má bàa jẹrà, fún ọmọ òun láéláé, pé májèlé ni, ó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ọṣẹ ọmọdé tí wọ́n kó wá láti òkè òkun ló ń lò, owó túùbù ẹ̀ kan á ra mẹ́rin irú tiwa. Àwa tí a ò lówó ọṣẹ ọmọdé, ṣé májèlé la wá ń fi fọ eyín ọmọ ni? Àbí ọmọ olówó nìkan ni eyín ẹ̀ yẹ kó dára?

* * *

Rárá mà, kì í ṣe májèlé, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ọṣẹ tí ọkọ yín rà yẹn náà ni kẹ́ ẹ lò. Ohun tó tọ́ ká jà lé lórí ni iye tẹ́ ẹ ń tẹ̀ sórí búrọ́ṣì àti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá dókítà eyín ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ní báyìí ṣọ́ọ̀bù ni mo ní l'Ẹ́bùtẹ́ Ìkòròdú, ọṣẹ ìfọyín sì wà lára ohun tó ń yá lọ́wọ́ mi jù, torí ẹ̀ mo ti rí ọ̀rọ̀ yìí lórí àga dókítà, mo sì ń rí i lẹ́yìn káńtà lójoojúmọ́.

Ẹ yí ẹ̀yìn túùbù sókè kẹ́ ẹ wá àwọn lẹ́tà wínníwínní yẹn. Ẹ máa rí sodium fluoride tàbí sodium monofluorophosphate níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, fúlóráídì ni méjèèjì. Bó bá jẹ́ sodium fluoride 0.32%, 1450 ppm nìyẹn, ọ̀pọ̀ ọṣẹ àgbàlagbà ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 0.22%, bíi 1000 ppm ni. Ìtumọ̀ ppm yẹn ò le: 1000 ppm túmọ̀ sí pé fúlóráídì mílígíráàmù kan ló wà nínú gíráàmù ọṣẹ kan. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ṣoṣo tí a ò tíì sè ni, ìyẹn ò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù lọ. Kódà bó gbé gbogbo ẹ̀ mì, fúlóráídì tó wọ inú ẹ̀ ò tó 0.15 mílígíráàmù. Tó bá ti pé ọdún mẹ́ta títí dé mẹ́fà, ẹ lè gbé e dé ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ìgbà wo la ń bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́ tí eyín àkọ́kọ́ bá yọ. Kì í ṣe ọjọ́ síkúù.

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ ẹ̀ láti àná. Àwọn kan ní pákò làwọn bàbá wa lò, eyín wọn ò sì jẹrà. Àwọn kan dúró lórí ọ̀rọ̀ májèlé. Àwọn tó wá pọ̀ jù ní kí la ń da ara wa láàmú sí, eyín ọmọdé á ṣáà bọ́ náà ni, òmíràn á yọ.

Ti ìkẹyìn yẹn ló ń dùn mí jù. Ogún leyín tí ọmọ kọ́kọ́ ń ní. Àwọn ti iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í mì ní bí ọdún mẹ́fà, lóòótọ́, àmọ́ àwọn ńlá ẹ̀yìn yẹn ń bẹ lẹ́nu títí ọmọ á fi pé ọdún mẹ́wàá, òmíràn méjìlá. Bó bá wá jẹ ihò ní ọdún mẹ́ta ńkọ́? Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́rin mú lórí àga tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wú bọ̀ǹbọ̀, òru mẹ́ta ni kò fi sùn, ìyá ẹ̀ náà ò sùn, bàbá ẹ̀ tó ń wa mọ́tò ò lè jáde, wọ́n ti fi oríṣi nǹkan sí i, àgbo, oògùn ìrora àgbàlagbà tí wọ́n gé sí méjì, kí wọ́n tó gbé e wá, eyín méjì la yọ lọ́jọ́ náà. Ọmọ yẹn ń wo ojú mi bíi pé èmi ni mo ṣe é ní ibi.

Nígbà tí àwa wà ní kékeré, eyín tó bá bọ́, orí òrùlé la ń jù ú sí, a sì ń ṣọ́ kí alángbá má rí i kí tuntun lè yọ. Ayọ̀ ni. Èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti ẹkún yọ ò ní ayọ̀ kankan nínú, ẹ má jẹ́ ká pe méjèèjì ní ohun kan náà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó gbé fídíò WhatsApp yẹn wá pé fúlóráídì ń sọ ọmọ di ọ̀dẹ̀, mo wò ó tán sà. Ohun tí wọ́n gbọ́ níbi kan ni wọ́n wá tún lù mọ́ ara wọn. Lóòótọ́ ni àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ National Toxicology Program gbé ìròyìn jáde ní 2024, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé níbi tí fúlóráídì inú omi mímu bá ti ju 1.5 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan, ó jọ pé ó ní í ṣe pẹ̀lú kí làákàyè àwọn ọmọ dín. Omi ni wọ́n ń sọ o. Omi tí èèyàn ń mu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, fún ọdún gbọọrọ. 1.5 yẹn náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ṣe ààlà fún omi mímu tipẹ́. Àjọ yìí kan náà ló wá fi ọṣẹ ìfọyín oní-fúlóráídì kún àwọn oògùn tí wọ́n ní gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ní, ní 2021. Bí ẹ bá gba ti àkọ́kọ́ gbọ́, ẹ gba èkejì náà gbọ́.

Ẹ tiẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe mọ nǹkan yìí. Dókítà eyín kan, Frederick McKay, dé ìlú Colorado Springs l'Amẹ́ríkà ní 1901, ó bá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú eyín tó ní àbàwọ́n bí àwọ̀ igi, kò mọ ohun tó fà á, àmọ́ ó ṣàkíyèsí pé eyín alábàwọ́n yẹn kì í jẹ ihò bọ̀rọ̀. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi ń wádìí. 1931 ni wọ́n tó rí i pé fúlóráídì inú omi wọn ló pọ̀ jù. Ìgbà tó di 1945 ni wọ́n wá ń fi ìwọ̀n díẹ̀ sínú omi ìlú Grand Rapids kí eyín ọmọ má bàa jẹrà. Ohun kan náà ló ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Nílẹ̀ wa níbí náà, ẹ bi àwọn ará Langtang ní Plateau, omi abẹ́ ilẹ̀ wọn ní in púpọ̀, eyín ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ sì ní àbàwọ́n, bẹ́ẹ̀ wọn ò jẹ ọṣẹ.

Ní tiwa, kò sẹ́ni tó ń da fúlóráídì sínú kànga tàbí bóòhóòlù níbí. Ọṣẹ ni ọ̀nà tó ń gbà dé ẹnu ọmọ wa jù. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọwọ́ tó ń tẹ túùbù.

* * *

Ẹnìkan bi mí pé ṣé èmi ò ṣe àṣìṣe rí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí. Mo ṣe é.

Àkọ́bí mi, mi ò tíì wọ iṣẹ́ dókítà eyín nígbà yẹn. Bí mo ṣe ń rí i nínú àwòrán àdífáàtì, tí ọṣẹ á tò gbọọrọ láti orí búrọ́ṣì dé ìdí ẹ̀, tí á tún ká ṣóńṣó sókè ní ìparí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ń tẹ̀ ẹ́ fún un. Gíráàmù kan ó lé nìyẹn, ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó yẹ kó lò. Ọmọ náà fẹ́ràn adùn ẹ̀, ó ń gbé e mì, á tún na búrọ́ṣì sí mi pé kí n tún fi sí i, èmi náà á tún fi sí i, inú mi ń dùn, mo ní ọmọ mi fẹ́ràn ìmọ́tótó. Ọdún kan àbọ̀ títí dé ọdún mẹ́rin la ṣe báyẹn.

Nígbà tó pé ọdún méje, eyín iwájú tuntun méjèèjì yọ. Èjí bàbá ẹ̀ wà láàárín wọn, ó wù mí. Àmọ́ ìlà funfun wà lára wọn bí ìgbà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí i tí kò parẹ́ tán. Mo fi búrọ́ṣì gbo ó, mo fi iyọ̀ gbo ó. Ní síkúù wọ́n ní kì í fọ ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo ẹnu tó bá ń rẹ́rìn-ín, ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ tí gbogbo àdúgbò á gbọ́.

Ẹ̀yìn ọdún yẹn ni mo wọ iṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe lójú mi ni nǹkan ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀. Eyín tó yọ ní ọdún méje yẹn, abẹ́ èrìgì ló ti ń kọ́ ara ẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ ò tíì pé ọdún mẹ́ta, fúlóráídì tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ lásìkò yẹn ló ń da bátànì ẹ̀ rú. Kì í ro ó, irú tiẹ̀ yẹn ò sì sọ eyín di ẹlẹgẹ́, àwọ̀ nìkan ni. Dókítà ní kí n fi ọkàn balẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ ní kíákíá, mi ò ní parọ́ fún yín.

Torí náà nígbà tí mo bá ní ẹ tẹ hóró ìrẹsì, mi ò kà á nínú ìwé nìkan.

* * *

Bàbá kan kọ̀wé pé "ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí jẹ lẹ lè máa wọn ọṣẹ bí oògùn, àwa ń wá owó gáàrì." Mo gbọ́ yín sà, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yín sẹ́yìn, torí inú ìbéèrè màmá yìí gan-an ló wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí.

Aago márùn-ún ìdájí ò tíì lù, àwọn ìyá tó ń lọ Mile 12, àwọn tó ń lọ Erékùṣù, ti ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń sáré lọ wọ BRT kí gósílóò tó dì. Ọmọ ṣì ń sùn. Ta ló máa fọ ẹnu ọmọ ọdún mẹ́ta yẹn? Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ò mọ hóró ìrẹsì, bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ fún ara ẹ̀ náà ló máa tẹ̀ ẹ́ fún àbúrò, tàbí kó kúkú gbé túùbù lé e lọ́wọ́ kí òun lè ráyè wọ yúnífọ́ọ̀mù. Nínú àwọn ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan tí ìdílé mẹ́jọ ń lo ẹ̀yìnkùlé kan, àwọn ọmọ á tò sórí gọ́tà, túùbù á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́, èyí tó bá fẹ́ adùn á lá a. Ìyẹn ọjọ́ tí owó wà. Ọjọ́ tí kò bá sí, èyí tó kéré jù lọ lórí pẹpẹ ni wọ́n ń rán wọn wá rà, tó bá tán, iyọ̀ ni, tàbí omi lásán, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé ẹ rí i báyìí, ọmọ kan náà jẹ ọṣẹ jù lọ́sẹ̀ yìí, kò wá rí ọṣẹ kankan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àbàwọ́n lè dé, ihò náà lè dé, nínú ẹnu kan ṣoṣo.

Hóró ìrẹsì yẹn tiẹ̀ dára fún àpò yín ju fún ti olówó lọ. Gíráàmù kan tí mò ń fi ṣòfò fún ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ márùn-ún ló máa jẹ́ fún ọmọ tó ń fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Túùbù ìdílé kan á pẹ́ nílẹ̀. Kò sídìí fún ọṣẹ ọmọdé olówó gọbọi.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní ẹ́sítéètì kan ní ọ̀nà Agric, òun àti ọkọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Ọṣẹ ọmọdé tí kò ní fúlóráídì rárá ló ń rà, tó ní adùn èso, tí àwòrán ẹranko wà lára ẹ̀. Mo bá a sọ ọ́, ó ní àwọn ìyá tó wà lẹ́gbẹ́ òun ò lo òmíràn. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń fọ ẹnu ọmọ láàárọ̀, tìkanra ni, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Lálẹ́ wọ́n á fi júùsì sínú fídà kí ọmọ lè tètè sùn, fídà á wà lẹ́nu ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọmọ yẹn ò tíì pé ọdún mẹ́ta àbọ̀ tí eyín iwájú òkè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi dúdú, tó wá kù bíi kùkùté. Ilé tó tutù, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ọṣẹ olówó iyebíye, eyín ò sí.

Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ pé owó nìkan kọ́. Ìyá tálákà ò sí nílé torí ó ń wá owó, ìyá olówó náà ò sí nílé torí ó ń wá owó, ọmọ kékeré tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ló di túùbù mú nínú ilé méjèèjì. Níbi tí owó ti wá dá sí ọ̀rọ̀ ni ẹ̀yìn ẹ̀: ọmọ àbúrò mi, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé e lọ kí wọ́n tọ́jú ohun tó kù. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ ń wá owó gáàrì, wọ́n á máa fi àgbo dá a dúró títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi wú. Ìwà àìtọ́ ò pín wa níyà tó bí ìtọ́jú ṣe pín wa níyà, ó sì ń bí mi nínú.

Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni gbogbo èyí, àwọn ọmọ wa náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Morẹ́nikẹ́ Folayan tó wà ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí eyín tó ń jẹrà lẹ́nu àwọn ọmọ kékeré, ẹnu àwọn ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ló sì ń wò, kì í ṣe ti ọmọ London.

* * *

Pákò. Ẹ̀yin bàbá, mi ò bá pákò jà. Ìyá ìyá mi ò mọ búrọ́ṣì, orín àtà ló ń rún títí wọ́n fi lọ, wọ́n sì lọ pẹ̀lú eyín wọn. Àmọ́ ẹ rántí pé wọn ò jẹ bísíkíìtì, wọn ò mu mínírà, ṣúgà ò pọ̀ nílé wọn. Ọmọ ọdún méjì náà ò lè rún orín kó di búrọ́ṣì, okun ẹ̀ á gún un ní èrìgì. Tó bá dàgbà tó lè rún un dáadáa, kó máa rún un láàárọ̀, kó fi ọṣẹ fọ ẹnu lálẹ́. Iyọ̀ àti èédú ni kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, wọ́n ń ha ara eyín ni, wọn ò ní fúlóráídì kankan nínú.

* * *

Màmá àgbà kan láti Ìjẹdè, ẹ kú ìkàlẹ̀ mà, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ọ rí pé kéèyàn fọ ẹnu tán kó lọ sùn, àárọ̀ là ń fọ ẹnu kéèyàn tó kí àgbà. Òótọ́ ni mà. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn, èèyàn ò gbọdọ̀ la ẹnu kí bàbá ẹ̀ láì tíì fọ̀ ọ́, èmi náà ò sì ní jẹ́ kí ọmọ mi ṣe bẹ́ẹ̀. Ti àárọ̀ jẹ́ ti ọmọlúàbí, ẹ jẹ́ kó dúró. Ti alẹ́ ni ti eyín gan-an.

Kò sí kòkòrò olórí àti ìrù nínú eyín bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Kòkòrò tójú ò rí ni, ṣúgà ni oúnjẹ wọn, bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ wọ́n ń yọ ásíìdì jáde, ásíìdì yẹn ló ń yọ agbára ara eyín díẹ̀díẹ̀. Itọ́ ẹnu máa ń dá agbára yẹn padà, fúlóráídì ló ń ràn án lọ́wọ́, ó ń jẹ́ kí èyí tó padà yẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tọ́mọ bá ti sùn, itọ́ máa ń dínkù gan-an. Bó bá wá fi ògì oníṣúgà sùn, tàbí fídà, ilẹ̀ á mọ́ bá kòkòrò lórí oúnjẹ.

Èyí tó máa dà bí èèwọ̀ létí yín: tọ́mọ bá ti fọ ẹnu tán, kó tutọ́ ọṣẹ dànù, kó má fi omi ṣanu ní ṣíṣàn bí a ṣe máa ń ṣe, ife kan, ife méjì, gọ̀ọ́lọ̀gọ̀ọ́lọ̀. Omi yẹn ló ń kó fúlóráídì lọ kó tó ṣiṣẹ́. Àwọn kan nínú yín ti ní ìdọ̀tí ni. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Èyí tí kò tíì lè tutọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ẹnu ẹ̀, níbi tí aṣọ tútù ìyá ọkọ yín ti wúlò nìyẹn.

* * *

Ẹ sún mọ́ ibí, ìyá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé pé ọmọ òun gbé túùbù, òun ò mọ iye tó ti mu nínú ẹ̀.

Ẹ má kà á mọ́ mà, ẹ fún un ní mílíìkì mu, kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀ á di fúlóráídì mú, kẹ́ ẹ gbé e lọ ọsibítù kíákíá, ẹ mú túùbù náà dání kí dókítà lè ka nọ́ńbà ara ẹ̀. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó bì. Epo pupa kọ́ ni kẹ́ ẹ fún un o.

Fún ẹ̀yin yòókù: 5 mílígíráàmù fún kílò ara kan ni ìwọ̀n tí àwọn dókítà fi ń ṣọ́ra. Ọmọ tó wúwo tó kílò 10, 50 mílígíráàmù nìyẹn, ó sì wà nínú bíi gíráàmù 35 ọṣẹ 1450 ppm, bí ìdá kan nínú mẹ́rin túùbù 140 gíráàmù. Kò pọ̀ tó bẹ́ ẹ ṣe rò. Ọṣẹ tó wà lórí búrọ́ṣì ò lè ṣe é, túùbù tó wà nílẹ̀ ló lè ṣe é.

(Màmá náà ti padà wá. Ara ọmọ yá, orí ẹní ni púpọ̀ nínú ọṣẹ náà wà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.)

* * *

Ẹni tó ni ìbéèrè ti wá, ó ní òun ka gbogbo ẹ̀ fún ọkọ òun, ọkọ gbà, àmọ́ ìyá ọkọ ní ta ni nọ́ọ̀sì Ẹ́bùtẹ́ tó fẹ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ, òun tí òun tọ́ mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ìyá ọkọ yìí ni wọ́n ń wà pẹ̀lú ọmọ láti aago márùn-ún ìdájí tí ìyá ọmọ bá ti lọ Sabo.

Àní àwọn gan-an ni mo fẹ́ kó di túùbù mú mà. Ẹ má bá wọn jà, ẹ má fi fóònù hàn wọ́n. Wọ́n wà nílé, wọ́n fẹ́ràn ọmọ, ọ̀pọ̀ ilé tí mo sọ lókè yẹn ò ní irú wọn. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ pé "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa bá mi ṣe é, torí ọwọ́ yín ló balẹ̀." Ẹ bu ìrẹsì kan sí àtẹ́lẹwọ́ wọn kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé kékeré báyìí là ń sọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ohun tó ń ba àwọn àgbà lẹ́rù ni kí ọmọ má lọ jẹ ọṣẹ, ẹ̀rù yẹn sì tọ́.

Kí wọ́n jókòó sórí àpótí, kí ọmọ fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí itan wọn, orí ẹ̀ sọ́dọ̀ wọn, bí wọ́n ṣe máa ń gbé ọmọ kalẹ̀ láti rọ ọ́ lágbo láyé ọjọ́un. Ìjókòó yẹn gan-an làwọn dókítà ń kọ́ni, wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí mi. Kí wọ́n fi ìka kan gbé ètè sókè kí wọ́n lè rí eyín iwájú, kí wọ́n máa yí búrọ́ṣì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ níbi tí eyín ti pàdé èrìgì, kí wọ́n dé ẹ̀yìn, kí wọ́n kọ orin tí wọ́n bá fẹ́ kọ. Ìṣẹ́jú méjì. Tí wọ́n bá rí ibi funfun bí ẹfun nítòsí èrìgì, kẹ́ ẹ gbé e lọ kí dókítà wò ó nígbà yẹn, kó tó di ihò, owó ẹ̀ ò ní pọ̀ tó ti ihò.

Túùbù náà, ẹ gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù tí ọwọ́ ọmọ ò tó.